Ta ló ni fáìlì yìí? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fáìlì tí kò gbà kí ẹ ṣí òun nínú kọ̀ǹpútà ilé

Adó-Èkìtì ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi, kọ̀ǹpútà tó kú kọ́ ló ń dun àwọn ènìyàn jù. Fáìlì tó wà níwájú wọn tí kò ṣí ni. Wọ́n ń rí orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ya fọ́tò ọ̀hún, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní wọn ò láyè láti dé ibẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí mo kó jọ síbí ni àwọn oníbàárà, ẹbí àti aládùúgbò máa ń bi mí. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe, ni mo fi dáhùn púpọ̀ nínú wọn, pàápàá Ubuntu tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀, torí òun ni mo máa ń fi sínú kọ̀ǹpútà àlòkù. Ọ̀rọ̀ Windows wà nísàlẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ àṣẹ kankan tí ẹ bá rí níbí, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì tí ẹ kò fẹ́ pàdánù sórí dísìkì mìíràn.

Bọ̀dá, kọ̀ǹpútà mi ń kọ "Permission denied". Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Ohun tó ń sọ ni pé, "Fáìlì yìí wà, mo rí i, ṣùgbọ́n ẹni tí mo mọ̀ pé ó ni ín kọ́ lẹ jẹ́."

Kọ̀ǹpútà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, kò sì mọ orúkọ. Nọ́ńbà ló mọ̀. Nínú Ubuntu, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ń gba 1000, ẹni tó bá tẹ̀lé e gba 1001, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Ọ̀gá pátápátá, tó ń jẹ́ root, òun ni 0. Nọ́ńbà ẹni tó ni fáìlì wà lára fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, kọ̀ǹpútà á fi nọ́ńbà yín wé ti ara fáìlì, ìdáhùn á sì jáde.

Ọdún 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín ẹ̀rọ kan ṣoṣo lò. Ìlànà tó ti ibẹ̀ wá ni Linux jogún ní 1991. Ẹ wò ó bí agbo ilé: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, yàrá púpọ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ni ín.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹni tó ni fáìlì kan?

Ẹ ṣí Terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, ẹ lọ sínú fódà tí fáìlì wà, kí ẹ tẹ:

ls -l

Ìlà kan tó jọ èyí á jáde:

-rw-r----- 1 mama ebi 48213 Oct 1 09:12 ipade.odt

"mama" ló ni fáìlì náà. "ebi" ni ẹgbẹ́ tí fáìlì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ohun tí oníkálukú lè ṣe. Ẹ fo àmì àkọ́kọ́ (bí ó bá jẹ́ d, fódà ni), kí ẹ wá ka ìyókù ní mẹ́ta-mẹ́ta: mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ni ín, mẹ́ta àárín ti ẹgbẹ́, mẹ́ta ìkẹyìn ti ará ìta. r ni kíkà, w ni kíkọ, x ni kí fáìlì ṣiṣẹ́ bí ètò. Níbí, màmá lè kà á, wọ́n lè yí i padà. Ẹbí lè kà á nìkan. Ará ìta kò lè ṣe nǹkan kan.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ni fáìlì, mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni kọ̀ǹpútà á wò fún yín. Bí wọn kò bá fún ẹni tó ni ín láyè, tí wọ́n sì fún ẹgbẹ́ láyè, gbogbo ẹbí á ṣí fáìlì náà tán, ẹ̀yin tí ẹ ni ín á wà níta. Mo ti rí i rí.

Kí ni àwọn nọ́ńbà bíi 644 àti 755?

Ìṣirò lásán ni. r jẹ́ 4, w jẹ́ 2, x jẹ́ 1. Ẹ rò wọ́n pọ̀ fún oníkálukú. 644 ni kí ẹni tó ni ín kà kó sì kọ (4+2), kí ìyókù máa kà. Ó dára fún fáìlì lásán. 755 dára fún fódà tí gbogbo ilé lè wò. Bí ó bá jẹ́ ohun àṣírí, 600 fún fáìlì, 700 fún fódà. Láti Ubuntu 21.04, fódà ilé ẹni kọ̀ọ̀kan ti ń wá pẹ̀lú 750, ará ìta kò lè yọjú sí i mọ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọmọ ilé kejì rí fáìlì yín bí ó ṣe máa ń rí i tẹ́lẹ̀.

Tèmi ni fáìlì náà, mo sì ti tì í pa kí ẹlòmíràn má lè kọ nǹkan sí i. Báwo ni ọmọ mi ṣe wá rí i pa rẹ́?

Olùkọ́ kan láti Ìkéré ló bi mí ní èyí, inú wọn ò sì dùn rárá, torí ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ sáà kan gbáko ló lọ. Wọn ò ṣe àṣìṣe kankan lórí fáìlì. Fódà ni wọn ò tì.

Ẹ fi fódà wé ìwé tí a ń kọ orúkọ sí. Láti pa fáìlì rẹ́ ni láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní w àti x lórí fódà lè yọ orúkọ èyíkéyìí, kódà ti fáìlì tí kò láyè láti kà. Kọ̀ǹpútà kò ní bi í pé ta ló ni fáìlì. Ìwé orúkọ ló ń wò.

x pẹ̀lú kò túmọ̀ sí ohun kan náà lórí fódà. Lórí fódà, r ni kí ẹ rí orúkọ àwọn ohun tó wà níbẹ̀, x ni kí ẹ lè kọjá wọlé dé ọ̀dọ̀ wọn. Fódà tó ní r tí kò ní x dà bí ilé tí ẹ ń wò láti ojú fèrèsé, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Bí fáìlì yín bá ní gbogbo àyè tí kò sì ṣí, ẹ wo gbogbo fódà tó wà lójú ọ̀nà sí i. Ó lè jẹ́ ọ̀kan péré ni kò ní x.

Bí ó bá di dandan kí gbogbo ènìyàn máa kọ nǹkan sínú fódà kan, tí ẹ kò sì fẹ́ kí ẹnìkan pa ti ẹnìkejì rẹ́, ẹ tẹ chmod +t àti orúkọ fódà náà (chmod ni àṣẹ tó ń yí àyè padà). Bí wọ́n ṣe ṣe /tmp nìyẹn. Ẹ ó rí t ní ìparí lẹ́tà rẹ̀.

Mo yọ dísìkì kúrò nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, mo fi sí tuntun. Nọ́ńbà 1001 ni mo ń rí níbi tó yẹ kí orúkọ mi wà, fáìlì ò sì ṣí.

Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ̀yin ni ẹnìkejì tó forúkọ sílẹ̀, ẹ gba 1001. Nínú tuntun, ẹ̀yin ni àkọ́kọ́, ẹ di 1000. Nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà lára àwọn fáìlì, kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ 1001 nínú ilé tuntun yìí. Bí ẹ bá tẹ id, ẹ ó rí nọ́ńbà tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi chown, àṣẹ tó ń yí ẹni tó ni fáìlì padà, gbà wọ́n padà (sudo tó ṣíwájú rẹ̀ ni kí àṣẹ ṣiṣẹ́ bí root):

sudo chown -R $USER: /media/ibi-ti-disiki-wa/foda-yin

Fódà tiyín nìkan lẹ ó dárúkọ o. Bí fáìlì àbúrò tàbí ti màmá bá wà lórí dísìkì kan náà, ẹ má fi tiwọn kún un.

Mo ń tẹ password mi, ó ń gbà á, ó sì tún ń dá mi padà sójú ibi tí mo ti tẹ̀ ẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ rántí bóyá ẹ lo sudo láìpẹ́ láti ṣí ètò tó ní ojú fèrèsé, bíi ibi tí a ti ń kọ ìwé tàbí ibi tí a ti ń wo fódà. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, root ló ṣiṣẹ́ náà, gbogbo fáìlì tó sì dá sílẹ̀ nínú ilé yín, orúkọ root ló wà lára wọn. Nígbà tí ẹ padà wá wọlé, kọ̀ǹpútà fẹ́ kọ nǹkan sí ọ̀kan nínú wọn, bíi .Xauthority tàbí .ICEauthority, kò rí i kọ, ó dá yín padà.

Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti F3 papọ̀. Ojú dúdú á yọ. Ẹ fi orúkọ àti password wọlé níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó:

sudo find ~ -user root

Bí ohun tó jáde bá jẹ́ fáìlì yín lóòótọ́, ẹ dá wọn padà sọ́dọ̀ ara yín:

sudo find ~ -user root -exec chown -h $USER: {} +

Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Nǹkan mìíràn tún wà tó máa ń fa irú èyí, bíi dísìkì tó kún, nítorí náà ẹ tẹ df -h pẹ̀lú bí find kò bá rí nǹkan.

Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí n tẹ chmod -R 777, gbogbo rẹ̀ á yanjú. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Rárá. Mo bẹ̀ yín.

Nílẹ̀ wa, pèrègún la fi ń pààlà oko. Ẹni tó bá fà á tu lè rìn láti oko tirẹ̀ dé oko àwọn mìíràn láìsí ìdíwọ́, òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé, kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ ibi tí tirẹ̀ parí sí. 777 nìyẹn: kí onílé, ẹgbẹ́ àti ará ìta máa kà, kí wọ́n máa kọ, kí wọ́n sì máa mú fáìlì ṣiṣẹ́. -R ni kí ó wọnú gbogbo fódà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sì kọ ibi kankan sílẹ̀ nípa bí nǹkan ṣe wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ìdápadà.

Àwọn ètò kan á tilẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tí àyè bá pọ̀ jù. SSH, tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn, kì í gba kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ẹlòmíràn lè kà. sudo pẹ̀lú, bí gbogbo ènìyàn bá lè kọ nǹkan sí /etc/sudoers, á dákẹ́ lọ́wọ́ yín. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé ta ló ni fáìlì yìí, ta ló sì yẹ kó ni ín? Lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nínú ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá bá mi, chown ló yanjú rẹ̀, kì í ṣe chmod. Bí ó bá wá jẹ́ pé àyè ni kò tó lóòótọ́, ẹ lo èyí fún fódà tiyín:

chmod -R u+rwX foda-yin

X ńlá yẹn fún fódà ní àyè ìwọlé láì sọ fọ́tò àti ìwé yín di ohun tó ń ṣiṣẹ́ bí ètò.

Ẹ kíyè sí àlàfo pẹ̀lú. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo fẹ́ tẹ sudo chown -R mama: /home/mama lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà kan. Àlàfo kan yọ́ wọlé lẹ́yìn àmì / àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà kà á sí ohun méjì: / tí í ṣe gbogbo ẹ̀rọ pátá, àti home/mama. Kí n tó tẹ Ctrl àti C, sudo fúnra rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ root mọ́, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. rm máa ń kọ̀ bí ẹ bá ní kó pa / rẹ́. Chown àti chmod kì í kọ̀. Fáìlì oníbàárà kò sọnù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́ bá mi lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń wọ inú fódà náà lọ ná pẹ̀lú cd, kí n tó lo -R, ojú kan náà ni mo sì fi ń ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti tẹ̀ ẹ́ o, lórí / pàápàá.

Ẹ má tún ohunkóhun tẹ̀. Ẹ fi Ubuntu tó wà lórí flash tan kọ̀ǹpútà, ẹ kó àwọn fáìlì yín sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ wá tún Ubuntu fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sudo nìkan ló bàjẹ́, ẹ lè gba recovery mode, ọ̀nà àtúnṣe tí Ubuntu ní, wọlé, kí ẹ tẹ chown root:root /usr/bin/sudo, lẹ́yìn náà chmod 4755 /usr/bin/sudo. Bí ó bá ti kan gbogbo ẹ̀rọ, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa wá wọn tún ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Chmod kò ṣiṣẹ́ lórí flash mi.

Kò lè ṣiṣẹ́. FAT32 àti exFAT, ìlànà ìtò fáìlì tí ọ̀pọ̀ flash ń lò, kò ní ibi tí wọ́n ń kọ ẹni tó ni fáìlì sí. Kọ̀ǹpútà ló ń pinnu rẹ̀ fún gbogbo flash lápapọ̀ nígbà tí ẹ bá fi í sí i. Bí ó bá kọ̀ kí ẹ kọ nǹkan sí i, ẹ wo bóyá flash tàbí káàdì náà ní bọ́tìnnì kékeré tí a fi ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí bóyá wọ́n fà á yọ láìsọ fún kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀.

Iná lọ lójijì. Nígbà tó dé, kò sí fáìlì kankan tí mo lè fi pamọ́ mọ́: "Read-only file system".

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Èkìtì mọ ọ̀rọ̀ iná dáadáa, ìbéèrè yìí kì í sì í wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni fáìlì kọ́ nìyí, chown àti chmod kò sì lè ràn yín lọ́wọ́. Linux rí àṣìṣe lórí dísìkì, ó wá ti gbogbo rẹ̀ mọ́ kíkà nìkan kí ìbàjẹ́ má baà pọ̀ sí i. Àánú ló ṣe yín.

Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó ṣe pàtàkì jáde, torí kíkà ṣì ṣeé ṣe. Ẹ wá fi Ubuntu orí flash tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ lsblk láti mọ orúkọ dísìkì náà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú fsck nígbà tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má lo fsck lórí dísìkì tí kọ̀ǹpútà ń lò lọ́wọ́. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ láìjẹ́ pé iná lọ, dísìkì fúnra rẹ̀ ló ń kú lọ.

Windows àti Ubuntu jọ wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Ubuntu ń rí fáìlì Windows, ṣùgbọ́n kò lè yí wọn padà.

Windows kò kú tán nígbà tí ẹ pa á. Fast Startup rẹ̀ máa ń jẹ́ kó sùn lásán, Linux kì í sì í fẹ́ kọ nǹkan sórí dísìkì tí ẹlòmíràn ṣì dì mú. Ẹ padà sínú Windows, ẹ ṣí cmd, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ nínú Windows, gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ powercfg /h off, kí ẹ wá pa kọ̀ǹpútà dáadáa.

Nínú Windows ńkọ́? Mo so dísìkì àtijọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, ó ní mi ò láyè láti wọ fódà mi.

Ìdí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti 1001 tí mo sọ lókè, àfi pé nọ́ńbà gígùn kan tó ń jẹ́ SID ni Windows ń lò. Kódà bí ẹ bá lo orúkọ àti password kan náà nínú ẹ̀rọ méjì, SID wọn yàtọ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fódà náà, ẹ lọ sí Properties, Security, Advanced, kí ẹ sì yí orúkọ tó wà níwájú Owner sí tiyín. Bí fódà bá pọ̀, cmd yá ju bẹ́ẹ̀ lọ:

takeown /F D:\Aworan /R /D Y

icacls D:\Aworan /grant %USERNAME%:(OI)(CI)F /T

Ẹ má ṣe èyí sí C:\Windows láé. TrustedInstaller, tí í ṣe ti Windows fúnra rẹ̀, ló ni ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa ni wọ́n.

A fẹ́ fódà kan tí gbogbo ilé á jọ máa lò.

Ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀:

sudo groupadd ebi

sudo usermod -aG ebi mama

sudo mkdir /home/ebi

sudo chgrp ebi /home/ebi

sudo chmod 2770 /home/ebi

sudo setfacl -d -m g:ebi:rwX /home/ebi

Ẹ tún ìlà kejì tẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ilé. a tó wà nínú -aG ṣe pàtàkì: bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, kọ̀ǹpútà á yọ ẹni náà kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ mìíràn, títí kan èyí tó fún un láyè láti lo sudo. 2 tó ṣíwájú 770 ló ń mú kí fáìlì tuntun máa bọ́ sábẹ́ ẹgbẹ́ ẹbí. Kí gbogbo ènìyàn jáde, kí wọ́n tún wọlé, kí ó tó ràn. Fáìlì tí ẹ bá gbé láti ibòmíràn wá á ṣì máa lo àyè rẹ̀ àtijọ́, nítorí náà ẹ tẹ chgrp -R ebi àti chmod -R g+rwX lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bàbá wa ti lọ. Fọ́tò ogún ọdún wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, kò sì sí ẹni tó mọ password.

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni bóyá màmá àti àwọn ọmọ jọ fẹ́ kí n ṣí i. Kọ̀ǹpútà lè má bi yín, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan ohun tí ìdílé ò tíì fẹnu kò lé lórí.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ̀ pé àyè yàtọ̀ sí ìpamọ́ àṣírí. Àyè wulẹ̀ jẹ́ ohun tí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń bọ̀wọ̀ fún. Bí wọn kò bá fi àṣírí bo dísìkì náà, Ubuntu orí flash á kà á, torí ẹ̀yin ni root níbẹ̀. Ẹ so dísìkì òde tó jẹ́ exFAT mọ́ ọn, kí ẹ fi sudo cp -r ṣe ẹ̀dà fódà àwòrán àti ìwé sórí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí exFAT kò mọ ẹni tó ni fáìlì, ọmọ èyíkéyìí ló lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹ má yí ohun kankan padà lórí dísìkì bàbá fúnra rẹ̀.

Bí Linux bá ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí dísìkì, tàbí tí BitLocker, tí Windows fi ń fi àṣírí bo dísìkì, bá ń béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. chown tàbí takeown kankan kò lè kọjá ibẹ̀. Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker nínú àkáǹtì Microsoft wọn, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀, nínú àpò ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí, nínú fóònù wọn. Kí ẹ tó rí i, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún Windows fi sórí kọ̀ǹpútà náà.